Ẹni Tí Ó Ń Ṣubú fún Ọ̀gá

Ìka méjì péré ni Alàgbà Ọlápọ̀sí fi kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn Àbáyọ̀mí, ọkùnrin náà sì wó lulẹ̀ gbì bí àpò sìmẹ́ńtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Ó sùn gbalaja sórí ẹní, ó ń wo fáànù tí kò yí lókè gbọ̀ngàn ìjọ, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí wọ́n gbàgbé òun síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ní Ṣómólú, apá ń ro ó, ẹsẹ̀ ń ro ó, síbẹ̀ kò sí òwúrọ̀ Sátidé tí kì í wá sí Bàrígà wá ṣubú.

"Ẹ rí i?" Alàgbà wí. "Mi ò lo agbára. Ìjà ọwọ́ rírọ̀ ni ìjà àwọn ará Ṣáínà yìí. Ẹ wá ojú iṣan, ẹ tẹ̀ ẹ́, Gòláyátì á wólẹ̀."

"Ọ̀gá, Gòláyátì wo ló rù bí pánla báyìí?" Wonder ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọge tí kì í lè pa ẹnu mọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àbáyọ̀mí náà rẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Obìnrin kan ni kò rẹ́rìn-ín. Beatrice ni, ọmọ Ìlàjẹ tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Òní ni yóò kọ́kọ́ wá. Ó fi ìborùn bo ọrùn, ṣùgbọ́n àpá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fi ibẹ̀ hàn mí dáadáa," ó wí. "Ọkọ mi ní òun ń bọ̀ lálẹ́ òní. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sá ni. Mi ò sá mọ́. Tó bá ti di ọrùn mi mú báyìí, ibẹ̀ yẹn ni mo máa tẹ̀."

"Má fòyà, ọmọ mi," Alàgbà wí. "Àbáyọ̀mí, dìde, jẹ́ kó tún rí i."

Àbáyọ̀mí fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

Ààwẹ̀ ló ń gbà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, Alàgbà Ọlápọ̀sí ló sì ń wá jókòó tì í nínú yàrá rẹ̀. Òun ló fà á wá sí kíláàsì yìí kí ìbànújẹ́ má baà gbé e mì. Inú rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ náà, ojú ṣú u bí ìka bàbá ṣe kan ọrùn rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó lajú, ayọ̀ tó rí lójú bàbá náà kò ṣeé gbàgbé. Ìjà tí bàbá kọ́ lọ́wọ́ ará Ṣáínà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ọjọ́ náà ló tó jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àbáyọ̀mí ti jẹun yó. Ìka náà dùn ún bí ìgbà tí èèrà bá buni jẹ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àgbà tó nu omijé ẹni nù, ta ni yóò dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀? Ó wó. Bí ẹni dọ̀bálẹ̀ ló kà á sí. Àwọn yòókù sì ń wo ojú rẹ̀, àwọn náà ń wó.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó wo ọrùn Beatrice. Bí òun bá tún wó báyìí, obìnrin yìí yóò dúró de ọkọ rẹ̀ lálẹ́. Olúwa, ó gbàdúrà, má jẹ́ kí n dójú ti bàbá yìí. Má sì jẹ́ kí n rán ikú sí obìnrin yìí.

Ìka náà dé. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó na orúnkún náà, kò wó. Alàgbà tún tẹ ojú iṣan náà.

"Ṣé mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló mú mi, sà. Ebi ló sì ń pa mí lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ẹnìkan, ó sì kú síbẹ̀. Bàbá wo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Wonder kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó wí, kò sì rí ẹ̀fẹ̀ kankan fi kún un.

"Kí ni mo wá fẹ́ ṣe báyìí?" Beatrice bèèrè.

Alàgbà yíjú sí i. "Sá, ọmọ mi. Má dúró dè é. Wonder, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní àdúgbò Pedro, ṣé àyè wà?"

"Àyè wà, sà. Ẹ dìde, àǹtí mi, ká tètè lọ kó àwọn ọmọ yín."

Wọ́n jáde. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń rọra wọ́ bàtà nílẹ̀.

Àbáyọ̀mí kò lè lọ, nítorí ọwọ́ bàbá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ìbínú ni, ó ń retí ọ̀rọ̀. Ọwọ́ náà kàn ń wúwo sí i ni, títí ó fi mọ̀ pé gbogbo ara ni bàbá náà ti gbé lé òun. Láti ìgbà wo ni ẹsẹ̀ bàbá ti ń kọ̀ ọ́ báyìí? Ní gbogbo Sátidé tí òun fi ń wó yẹn, kí ni bàbá rí dì mú?

Àbáyọ̀mí fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì dúró.