Kámẹ́rà Tó Ń Kọ́ni ní Ìtẹríba

Bàbá wa kì í ya fọ́tò. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò di ojú kan, kó máa fi èkejì wo àwọn. Ogójì ọdún ni ìyá wa ti ń bẹ̀bẹ̀ fún fọ́tò kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì yóò jọ wà nínú rẹ̀.

Ni èmi aránṣọ bá lọ ra kámẹ́rà àtijọ́ tó ní awò méjì níwájú lọ́wọ́ ayàwòrán kan.

"Fọ́tò méjìlá ló wà nínú fíìmù kan," ó ní. "Gbé e sí àyà, kó o wò ó látòkè. Tó o bá ti ya ọ̀kan, yí ọwọ́ yìí kí fíìmù lè sún. Má gbàgbé o!"

Ṣé ọmọ ìkókó ni mí ni? Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọlé. Àmọ́ alágídí ni kámẹ́rà náà: bí mo bá yí sọ́tùn-ún, àwòrán inú rẹ̀ á sá lọ sósì. Mo ya ẹsẹ̀ ara mi. Mo ya òrùlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ku ẹyọ kan.

Mo ta aṣọ dúdú sẹ́yìn àga gígùn. Ìyá jókòó lápá òsì, wọ́n fi ọ̀tún sílẹ̀ fún Bàbá.

"Èmi kọ́," Bàbá wí.

"Ó dáa, ya èmi nìkan," Ìyá ní. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá dìde, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ. Ó dùn mí gan-an. Mo dorí kọ kámẹ́rà.

"Kí lò ń tẹríba fún?" Bàbá bi mí.

"Bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyí, Bàbá."

"Kò sí dídi ojú kan?"

"Kò sí o."

Wọ́n jókòó lápá ọ̀tún, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kámẹ́rà tó lẹ́kọ̀ọ́! Ó yá, yà mí."

Fíìmù ti tán. Ta ló máa sọ fún wọn? Mo tẹríba, mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo gba fọ́tò, ayàwòrán ń fi mí ṣẹ̀sín: "O ò yí ọwọ́ níkẹyìn! Àwòrán méjì ti bọ́ sórí ara wọn!" Mo wo fọ́tò náà, mo pariwo. Ìyá lósì, Bàbá lọ́tùn-ún, lórí àga kan náà.

Nígbà tí mo délé, Ìyá gbá a mọ́ àyà. Bàbá gbà á, wọ́n wò ó títí.

"Kò dáa tó," wọ́n ní. "Ọwọ́ mi ò kan ìyá ẹ níbí. Lọ ra fíìmù míì."

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo fi sáré jáde.