Ọ̀rọ̀ Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Lorna

Everett gbé káàdì kékeré kan sórí tábìlì Lorna, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ní Worcester yìí, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, orí káàdì ló ń kọ ọ́ sí, kí ọkàn àwọn tó ń ro ìtumọ̀ má baà pínyà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ‘mingle’ wò, mà.” Gbogbo ohun tí Everett kọ nìyẹn. Lorna tún un wò, àyà rẹ̀ sì já. Ó ti kọ ọ́ pé ‘mingle’ ni kí nǹkan ‘blend’. Nígbà tó ṣí ‘blend’, ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé kí nǹkan ‘mingle’. Ẹni tó bá wá ìtumọ̀ dé ibẹ̀ yóò kàn máa yí po ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kìlọ̀ irú ẹ̀ fún un, Lorna gan-an ló sì kìlọ̀ ẹ̀ fún Everett.

Ó mú bírò. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń lò ó fún kí a po nǹkan pọ̀. Ó mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ‘among’, èyí tó túmọ̀ sí àárín àwọn mìíràn. Ó mọ̀ pé àwọn èèyàn ń lò ó fún àlejò tó ń bá àlejò ṣeré níbi àpèjẹ. Gbogbo ẹbí ọ̀rọ̀ náà ló rántí, ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò lè kọ. Ó ń rí i, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò fi pè é.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí ewé igi ti ń já bọ́ ṣáájú ìgbà òtútù. Nílé, ó ti na ìka sí ìkòkò omi gbígbóná títí, orúkọ rẹ̀ kò wá sí i lẹ́nu. Níbi iṣẹ́, kò tíì sẹ́ni tó fura, nítorí wọn kì í gbọ́ ohùn ara wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, ta ni yóò máa bá gbé? Ẹ̀rù bà á.

Ó kọ ọ́ sórí káàdì pé ó rẹ òun ni. Ó dìde láti gbé e fún Everett. Nígbà tó débẹ̀, ó rún káàdì náà mọ́wọ́.

“Everett,” ó ní. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá ló gbójú sókè. “Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Everett náà la ẹnu. “Ó ti pẹ́, Àǹtí?”

“Ó ti pẹ́.”

“Ẹ sì ń dá gbé e.” Ó fa àga fún un. “Ẹ má wá ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.”

Lorna pa ojú dé. “Kọfí àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín, láàárọ̀. Òórùn wọn ti wọnú ara wọn. Síbẹ̀, mo ṣì mọ èwo lèwo.”

Everett ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ‘mingle’. Omijé bọ́ lójú Lorna, kò nù ún.

“Bá mi pe ọ̀gá wá, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi,” ó ní, “kí n tó gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ.”