Ẹkún tí Wọ́n Sun fún Ehoro

Ẹnu Hāriata ló kó o sí wàhálà. Ìyá àgbà yìí ló máa ń ké láti kí àlejò wọ àgbàlá ìdílé wọn ní abúlé Arowhenua, bí àṣà wọn. Ohùn rẹ̀ tó ohun tó lè jí òkú, òun náà sì mọ̀. Nígbà tó rí eegun gígùn mélòó kan nínú ihò àpáta lẹ́bàá odò, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní ti whēkau ni, òwìwí ẹlẹ́rìn-ín tó ti run kí wọ́n tó bí òun.

"Ẹsẹ̀ whēkau gùn," ló ń wí kiri. "Ẹsẹ̀ yìí náà gùn. Kí lẹ tún ń wá?"

Bàbá Matiaha, àgbà abúlé Moeraki, gbọ́, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ àgbà ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín ẹyẹ náà rí. Wọ́n di eegun náà sínú aṣọ tí wọ́n fi ewéko hun, wọ́n gbé e wọlé bí òkú àgbà, nítorí ẹbí ni wọ́n ka ẹyẹ náà sí. Hāriata ké, ẹkún sọ, ikun imú ń ṣàn dé àgbọ̀n.

Wọ́n tú aṣọ náà kí kálukú lè fọwọ́ kan eegun. Pirihira, àbúrò Hāriata, gbé ọ̀kan wò.

"Ẹ̀gbọ́n, eegun ẹyẹ máa ń fúyẹ́," ó sọ ọ́ sí i létí. "Èyí wúwo."

"Ẹyẹ ńlá ni."

"Ẹyẹ ńlá tí wọ́n fọ̀bẹ gé lóríkèé?"

Hāriata tẹjú mọ́ ọn. Ipa ọ̀bẹ méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń rìn: ọ̀bẹ ilé rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti ṣá, tó máa ń fa ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Abẹ́ àpáta yẹn lòun àti ọkọ òun olóògbé ti máa ń sun ehoro jẹ nígbà èwe, tí wọ́n á ju eegun sẹ́yìn.

Bàbá Matiaha ṣì ń sunkún. Lọ́dọ̀ tiwọn, oúnjẹ kì í bá òkú àgbà pàdé. Bí Hāriata bá dákẹ́, wọ́n á sin àjẹkù rẹ̀ sáàárín àwọn baba ńlá.

"Bàbá, ẹ má sunkún mọ́." Ohùn tó ń jí òkú kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ehoro ni. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó sá wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò tó ti gbé kaná fún àlejò láti àárọ̀. Ehoro ni. Kò sí ohun mìíràn nílé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde, àgbọ̀n kan àyà.

Bàbá Matiaha jẹ itan kan tán, ó lá ìka, ó nu eegun náà, ó sì nà án sí i.

"Gbà, Hāriata. Fi pamọ́, kó o lè máa dá a mọ̀."

Hāriata kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á.