Obìnrin Tó Kú Lẹ́bàá Fèrèsé

Lọ́dún tí ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ilé ìwé náà kò pàdánù ìdíje kankan, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó tún jẹ́ ilé rẹ̀, kọjú sí ibùdókọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni aṣáájú ẹgbẹ́ náà. Lọ́yà ni gbogbo ilé ìwé ń pe ọmọbìnrin yìí, ìnagijẹ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ìyá rẹ̀ bá pe orúkọ tó sọ ọ́ gan-an, á rò pé òun ti ṣẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bó bá ní ọ̀sán gangan ni òru, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹní tí wàá tẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn adájọ́ á ká bébà méjì sínú abọ́, wọ́n á kọ "mo fara mọ́ ọn" sí ọ̀kan, wọ́n á kọ "mo ta kò ó" sí èkejì. Èyí tí ọwọ́ rẹ bá mú ni ìgbàgbọ́ rẹ títí ìdíje á fi parí. Tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ náà a máa sọ fún wọn pé, "Ẹ má wá sọ ohun tẹ́ ẹ gbà gbọ́ fún mi. Ẹ sọ ohun tó máa jẹ́ kí ẹlòmíì gbà gbọ́." Ó fẹ́ràn gbólóhùn yìí, ó ń sọ ọ́ láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́sàn-án.

Ní ìdíje kejì, àkọlé tó jáde ni pé ó sàn kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le wà nílé ju kó wà ní ọsibítù lọ. Lọ́yà fẹ́ ta kò ó, nítorí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n "mo fara mọ́ ọn" ni ọwọ́ rẹ̀ mú. Tíṣà ní kò burú, kó lọ wá ìtàn kan, torí adájọ́ kì í rántí ẹ̀rí, ìtàn ni wọ́n ń gbé lọ sílé. Lọ́yà wá ìtàn títí, kò rí. Ló bá jókòó, ó ṣe ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó ṣẹ̀dá obìnrin àdúgbò kan tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, tó kọ ọsibítù, tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé kó lè máa wo àwọn tó ń kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká, ó ń bá wọn ṣàwàdà, títí tó fi sùn tí kò sì jí mọ́.

Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, gbogbo gbọ̀ngàn na ọrùn láti gbọ́ ọ. Níbi tí obìnrin náà ti ní kí wọ́n bá òun ká kọ́tìnì sókè díẹ̀ sí i, omi bọ́ lójú Lọ́yà, bí tíṣà ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́: tó bá dé orí ìdí kẹta nínú àwíjàre rẹ̀ ni kó sunkún, kó má sì pọ̀ jù. Adájọ́ obìnrin kan yọ awò ojú rẹ̀. Olùṣọ́ àkókò lu aago, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní ìlà àkọ́kọ́, ìyá Lọ́yà ń pàtẹ́wọ́, ó ń sunkún, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lọ́yà ń wò ó láti orí pèpéle, inú rẹ̀ ń dùn. Kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ìyá òun ti fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú rẹ̀, tí kò sì tíì sọ fún ẹnì kankan.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Lọ́yà sọ tirẹ̀, wọ́n tún fún un ní ìwé ẹ̀rí lé e lórí.

Wọ́n borí níbẹ̀, wọ́n tún borí níbòmíì. Ọ̀gá ilé ìwé, tí kò mọ yàrá tí wọ́n ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, wá ń pè wọ́n ní "àwọn ọmọ mi" lójú àlejò. Kò sí ìdíje tí aránṣọ kò lọ. Ó ń rù, ṣùgbọ́n ta ló máa rí i? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí ara rẹ̀ ṣe ń joro ló ń gba àwọn aṣọ rẹ̀ wọlé, kò sí èyí tó tóbi jù ú lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dojú dé orí maṣíìnì. Gẹrígẹrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ó ti pẹ́, àmọ́ kò tíì kọjá àtúnṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ abẹ fún yín lọ́sẹ̀ yìí."

"Ẹ ṣé o, dókítà. Ilé ni mò ń lọ."

Lọ́yà, tó ti sáré dé láti ilé ìwé, gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í pàdánù ni. Nígbà tí wọ́n délé, ó dúró níwájú ìyá rẹ̀, ẹni tó ti padà sídìí maṣíìnì, tó ń rán kọ́là.

"Màmá, mo ní ìdí mẹ́rin."

"Mo mọ̀ pé o máa ní in."

Ó to ìdí rẹ̀ kalẹ̀, ó ń fìka kà á. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò kúrò lórí pẹ́dà títí tó fi parí.

"O sọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi. Èwo lọwọ́ ẹ mú lónìí?"

"Màmá, èyí kì í ṣe ìdíje! Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí."

"Bó o ṣe sọ lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Tọjọ́sí tiẹ̀ dáa jù. O sunkún."

"Irọ́ ni mo pa. Kò sí obìnrin kankan lẹ́bàá fèrèsé kankan. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Ìyá rẹ̀ fi eyín já òwú. "Ta ló ní mi ò mọ̀? Kò sí obìnrin àdúgbò yìí tí mi ò tíì wọn ìbàdí ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí i. Ó kàn wù mí kó wà ni." Ó yí kọ́là náà padà. "Bàbá ẹ kú sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń fi báàgì gbá a. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá ọ̀nà míì téèyàn lè gbà kú. Ìwọ lo bá mi rí i."

Lọ́yà sáré lọ bá tíṣà. Tíṣà wá, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ṣàlàyé bébà inú abọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Aránṣọ gbọ́ ọ jálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó kọ́ ọmọ òun dáadáa, ó sì bá a rán bọ́tìnnì kan tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, tíṣà kò lè wo ojú Lọ́yà.

"Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà."

"Bí wọ́n ṣe ń borí ni mo kọ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀rọ̀ padà, wọn ò kọ́ èmi náà."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà dá kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Lọ́yà bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó kọ oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fi maṣíìnì sílẹ̀, nígbà tó yá, kò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, orí fóònù ni wọ́n jiyàn lé, bóyá ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé ní i. Lọ́yà fara mọ́ ọn tàbí ó ta kò ó, òun gan-an kò rántí. Àga kan ṣófo ní ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n gba ife, ọ̀gá ilé ìwé sì ní kó gbé e lọ sílé lọ han ìyá rẹ̀.

Gẹrígẹrí ti bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì sẹ́bàá fèrèsé, bí aránṣọ ṣe ní kó ṣe. Ó ká kọ́tìnì sókè. Gbogbo ibùdókọ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n aránṣọ kọ ẹ̀yìn sí i, ó dojú kọ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló ṣì lè fi dùbúlẹ̀.

"Màmá, a gbà á." Lọ́yà gbé ife náà lé orí maṣíìnì.

"Ẹ kú iṣẹ́." Ó di eyín pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Obìnrin yẹn, ṣé kò ro ó ni? O ò sọ ọ́."

Lọ́yà mọ obìnrin tó ń sọ. Kò fi ìrora sí i. Ìrora ì bá ba ìdí kẹta jẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dókítà wá láàárọ̀. Ó ní kò sí nǹkan tí wọ́n tún lè gé mọ́. Dá mi lóhùn. Ṣé ó ro ó?"

Lọ́yà fa àga sí àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, níbi tí ìyá rẹ̀ ti lè rí i.

"Kò ro ó, Màmá."

"Sọ ọ́ fún mi."

"Alága wa, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣojúsàájú..."

"Fo ìyẹn."

Ó fò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi fèrèsé. Ìdí kẹta kò tíì dé tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pọ̀ jù. Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lu aago. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà ti sùn, ìyá rẹ̀ ṣì la ojú sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tún un sọ," ni ó wí, Lọ́yà sì tún bẹ̀rẹ̀.