Abẹ́rẹ́ Kẹ́hìndé

"Kọ̀ǹpútà ní Kẹ́hìndé ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára," ni Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà, ọ̀gá ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgbó-Ọrà, ń wí. "Táyé lẹ tún pọ̀n wá, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin fúnra yín ò dá wọn mọ̀."

Sàrátù, tó ti Ìdèrè wá, ò gbé ohùn sókè. "Ara Kẹ́hìndé gbóná nígbà tí a wá lọ́jọ́sí, sà. Nọ́ọ̀sì yín ló ní kí n mú un padà wá. Táyé nìkan lẹ gún lábẹ́rẹ́."

"Kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Sílé kẹ̀? Nígbà tí àrùn tó ń ran ọmọdé ti wọ Ìdèrè? Ọ̀rọ̀ náà ká Ìbílọlá, tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, lára. Òun ló kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń lò, lọ́dún 1995 tó kàwé tán. Abiyamọ tí í tatí were bó bá gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé kò dá ọmọ mọ̀! "Ẹ jókòó, Ìyá Ìbejì," ló wí. "Ẹ má tíì lọ."

Ó ṣí ètò náà, ó ń mú un rìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan kó lè rí ohun tó ń ṣe, ó ń fojú ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ nìkan ni kò sí nínú àpótí. Pọ́ńtà ló wà níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tí àkọsílẹ̀ ọ̀hún wà. Ó wo àpótí ọmọ Babáwálé, ó wo ti ọmọ Zachariah: nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wo Táyé, ó wo Kẹ́hìndé: nọ́ńbà kan náà. Ó wo àwọn ìbejì mìíràn, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Nílùú tí ìbejì pọ̀ tó yìí!

Inú tún bí i sí i, nítorí ó mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Adérógbà ló ní kí wọ́n yé fàkókò ṣòfò, pé ohun tí a bá ṣe fún Táyé là ń ṣe fún Kẹ́hìndé, kí ètò máa da àpótí Táyé kọ, kí wọ́n kàn yí orúkọ padà. Ìbílọlá náà gbà nígbà tó ń kọ ètò náà, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́jú ìbejì: aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Àmọ́ pọ́ńtà ni ètò dà kọ, kò ṣẹ̀dá àkọsílẹ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ti gún Táyé, Kẹ́hìndé ti gba tirẹ̀ nìyẹn.

Ó tún un kọ, kí ìkejì máa ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó mú un rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, nọ́ńbà méjèèjì yàtọ̀. Ó fi han Adérógbà, kò sì fọwọ́ bo ẹnu sọ ẹni tó pàṣẹ ìdàkọ náà. Nọ́ọ̀sì gún Kẹ́hìndé lábẹ́rẹ́, ó ké.

Adérógbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe."

Sàrátù pọn ọmọ rẹ̀, ó so ọ̀já. "Ẹ̀rọ kọ́ ló ní mi ò mọ ọmọ mi, sà."