Òkùnkùn Tí Wọn Ò Sọ fún Aránṣọ

Nígbà tí à ń wí yìí, ọkọ aránṣọ ṣì wà láyé, ìyá rẹ̀ arúgbó ṣì ń fi ọ̀pá rìn káàkiri ilé, àbúrò rẹ̀ obìnrin náà ṣì wà, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Aláròyé torí ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú ẹ̀.

Ojú kan ṣoṣo ló kù fún aránṣọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló kán tó fò bá ti òsì. Ti ọ̀tún wá ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ fún un, débi pé kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Dókítà ní òun á yọ dígí inú ojú náà tó ti ṣú, òun á fi tuntun sí i. Aránṣọ gbà, àmọ́ àyà rẹ̀ ń já. Ojú kan kì í ní ìpààrọ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ẹbí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹbí wá ṣàlàyé fún aláìsàn. Nọ́ọ̀sì pe Aláròyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tí dókítà bá fẹ́ parí, á fi oògùn kan sójú wọn tó máa mú ọmọlójú sún kì. Ibi gbogbo á ṣókùnkùn fún wọn. Ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n má baà ta gìrì."

Aláròyé padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kẹ́ ẹ má mira."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Àbí ẹ fẹ́ kó kọrin fún yín ni?"

Ó rò ó pé tóun bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n òun á sá lọ sílé.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ yá, wọ́n fi oògùn pa ojú náà kú kó má baà mọ ìrora, àmọ́ aránṣọ ò sùn. Iná ńlá mọ́lẹ̀ lókè rẹ̀ rekete.

"Màmá, dígí ti wọlé," dókítà wí. "Ó kù díẹ̀." Ó na ọwọ́ gba oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti etí wá sáàárín, bí ìgbà tí wọ́n ń fa okùn ẹnu àpò. Aránṣọ ní ojú òun ti fọ́ nìyẹn. Ó rí ara ẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ fà lọ ilé ìwẹ̀ títí ayé. Ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn.

"Màmá, ẹ má dìde. Irin ṣì wà nínú ojú yín."

"Dókítà, mi ò ríran mọ́."

"Oògùn ni. Wọn ò sọ fún yín ni? Ọmọlójú yín ló ń sún kì kí dígí má baà yẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mira, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Aránṣọ padà sùn sílẹ̀. Òógùn ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àbí dókítà kàn ń rẹ òun lẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, ihò mẹ́rin tó wà lára bọ́tìnì nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí. Kò rẹ́rìn-ín.

"O mọ̀, o ò sọ fún mi," ó wí fún Aláròyé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kẹ́rù bà yín ni."

"Ẹ̀rù bà mí. Èmi nìkan ni mo sì dá bẹ̀rù."

Ọdún gorí ọdún. Àìsàn dá Aláròyé dùbúlẹ̀. Ẹbí náà ni àwọn dókítà tún bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ aránṣọ pé kó má sọ ọ́ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n ní ó ń ṣe mí?"

Aránṣọ jókòó tì í. Ó sọ ọ́ tán pátá: ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ kò lè pé oṣù kan mọ́.

Aláròyé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó wí.

"Èmi náà."

Aránṣọ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀, tí kò sì mí mọ́.