Ẹ̀wù Tí N Kò Fọ̀

Nígbà tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ṣì wà láyé. Ìyá ọkọ mi náà wà, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ bí ọlọ́dẹ. Ọmọbìnrin mi wà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ológbò wa pàápàá wà. Nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ló kù.

Iṣẹ́ òrùlé lọkọ mi ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń kan páànù o. Àwọn tó ń kan páànù á ti ṣe tiwọn lọ kó tó dé. Tirẹ̀ ni kó ki nǹkan sáàárín òrùlé àti àjà, kí ooru má bàa wọlé lọ́sàn-án, kí òtútù má bàa wọlé láàárọ̀. Nǹkan funfun kan ni wọ́n ń kì, ó rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á bí òkúta. Òwú òkúta la mọ̀ ọ́n sí. Iná kì í jó o. Ọkọ mi á mú ìdì kékeré kan, á ṣáná sí i, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pidán. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Olówùú.

Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ náà á funfun. Ìyá ọkọ mi á ké láti ẹnu ọ̀nà:

"Ta nìyẹn? Ṣé ọmọ mi ni àbí òkú tó jí?"

"Èmi ni, ìyá mi."

"Dúró síta kí ìyàwó gbọ̀n ọ́ kí o tó wọlé. A ò po ìyẹ̀fun níbí."

Èmi á jáde. Màá bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, màá gbọ̀n ọ́n sínú afẹ́fẹ́, pà, pà, pà. Ọmọbìnrin mi á máa sá gba inú eruku yẹn kọjá, á ní òjò funfun ń rọ̀. Oníbéèrè ni bàbá rẹ̀ ń pè é, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Bàbá, kí ló dé tí òwú yín kì í jó?"

"Torí òkúta ni bàbá ẹ̀."

"Ta wá ni ìyá ẹ̀?"

"Ìwọ ni. Jẹ́ n jẹun."

Ọjọ́ kan wà tí n kò fọṣọ. Ó rẹ̀ mí ni, kò sí ìdí mìíràn. Ẹ̀wù àná wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọkọ mi wọ òmíràn lọ síbi iṣẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀gá wọn ti dé sílé, ó ṣí fìlà mú lọ́wọ́. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Àkàbà ló yẹ̀ lábẹ́ ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó ronú kan eruku. Àkàbà la gbé ẹjọ́ lé lórí, àkàbà náà la sì dá lẹ́bi.

Oníbéèrè sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe ẹkún aláriwo. Ẹkún kan tó dúró sójú kan ni, bí omi ẹ̀rọ tí wọn kò tì dáadáa. Kò jẹun, kò sùn. Ìyá ọkọ mi gbé e títí apá fi ń ro ó. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú ẹ̀wù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo fi wé ọmọ náà. Ó ti imú bọ ọrùn ẹ̀wù. Ó mí sínú. Ó tún mí sínú. Ló bá dákẹ́.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ fọ ẹ̀wù yẹn o."

"N kò ní fọ̀ ọ́, ìyá."

Ọdún méjì ni ọmọ náà fi sùn nínú ẹ̀wù yẹn. Bọ́tìnì mẹ́rin ló ní, ọ̀kan pupa, torí pé èmi ni mo fi pupa rọ́pò èyí tó já. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tó ní òun ti di àgbà, mo ká ẹ̀wù náà sínú àpótí abẹ́ ibùsùn. Èmi náà a máa ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òórùn òógùn ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀. Ológbò kú, ìyá ọkọ mi kú. Àpótí wà níbẹ̀.

Oníbéèrè dàgbà, ó ní iṣẹ́ bàbá òun lòun fẹ́ kọ́.

Mo ní, "Àkàbà tó gbé bàbá rẹ lọ lo fẹ́ gùn?"

"Màámi, àkàbà ti yàtọ̀. Ohun tí à ń kì náà ti yàtọ̀."

Irun àgùntàn ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń kì sí àjà, èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n fi oògùn díẹ̀ sí nítorí kòkòrò. Nígbà míì, èèpo igi kan tó fúyẹ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ, tí wọ́n gé bíi pátákó. Nígbà míì, aṣọ àlòkù tí ẹ̀rọ ti ya wẹ́wẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi dígí ṣe náà wà, tó ń yún ara. Ó ní kò burú tó ti ayé bàbá òun, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń kì í wọ ìbọ̀wọ́, kó bomú, kó sì bò ó dáadáa kó má máa já bọ́ sínú yàrá.

Mo bi í, "Irun àgùntàn? Ṣé àgùntàn kì í wúkọ́ ni?"

"Ó ń wúkọ́, Màámi. Kì í ṣáà wú u sínú irun."

Nígbà tó pé ogójì ọdún, ó kó òṣìṣẹ́ mẹ́ta wá sílé mi. Ọkọ mi ló ki àjà ilé yìí, àjà náà sì ti ń ya. Oníbéèrè ní bí kò bá ya ni, òun ì bá ní ká fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ká má fọwọ́ kàn án. Wọ́n wọ aṣọ kan tó bo gbogbo ara, wọ́n bomú. Wọ́n ń fọ́n omi sí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n ń kó o sínú ọ̀rá nínú ọ̀rá. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn yọ lẹ́nu ọ̀nà, funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo ti fẹ́ dìde lọ gbọ̀n ọ́n.

Oníbéèrè jókòó tì mí. "Bí abẹ́rẹ́ ni eruku yìí ṣe rí, Màámi, ṣùgbọ́n ojú ò lè rí i. Tó bá ti wọ àyà, kì í jáde. Ó lè jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, kó tó sọ̀rọ̀."

Mo ka ọdún lọ́kàn mi.

Ó mú ìwé àti bíró jáde. "Ó yẹ kí n bi yín. Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tí bàbá gbé wálé láti ibi iṣẹ́? Àpò, ìbọ̀wọ́, aṣọ?"

"Rárá."

"Ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ní rárá. Ta ló ń gbálẹ̀ ilé yìí nígbà náà, èmi àbí ìwọ?"

Ó wò mí. Ó kọ "rárá" sínú ìwé náà. Orí ibùsùn ni mo jókòó sí, àpótí sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí mo bá mú ẹ̀wù jáde, á bi mí pé ta ló wọ̀ ọ́.

Lọ́dún kejì, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú lórí àkàbà. Wọ́n fa omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, omi náà tún padà. Dókítà jẹ́ obìnrin kékeré kan tó máa ń fọwọ́ pa orúnkún bó bá fẹ́ sọ ohun tí kò dára. Ó pa orúnkún títí. Ó ní awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn náà mú, kò sì sí oògùn tó lè mú un kúrò. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló pe òwú òkúta.

Oníbéèrè kó wá sílé mi. Ó ní ilé mi ti mọ́, kò sí eruku níbẹ̀ mọ́. Mo fún un ní ibùsùn mi, èmi sùn lórí àga.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wá kí i. Bí wọ́n bá ti jókòó, á ní, "Ẹ fi mí ṣe àríkọ́gbọ́n o. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ooru mú lórí àjà kan tó ní òwú òkúta, mo ṣí ìbomú. Ọjọ́ kan péré ni." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìgbà keje, nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní:

"Kì í ṣe ìwọ."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ̀wù bàbá rẹ ni. Èmi ni mo fi wé ọ. Ọdún méjì lo fi sùn nínú ẹ̀."

Ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn ń dún, fúù, fúù.

Ó ní, "Bọ́tìnì pupa kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rò pé àlá ni mo lá. Ibo ló wà?"

"Abẹ́ ibùsùn."

"Ibùsùn èwo?"

"Èyí tí o wà lórí ẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Mo dì í mú títí ikọ́ fi lọ. "Ẹ̀yin obìnrin yìí," ló wí. "Ẹ jókòó lé e lórí, ẹ wá ní kí n kọ 'rárá'." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé mo dákẹ́?"

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ fi wé mi. Ṣé mo dákẹ́?"

"O dákẹ́. O sùn."

"Ó dáa náà," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní kí n má ṣí àpótí, kí n má gbọn ohunkóhun. Wọ́n fọ́n omi sí àpótí náà, wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn wé e ní ìlọ́po méjì, wọ́n gbé e lọ bó ṣe wà. N kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n rí i.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló ní, "Bí mo bá lọ, kí ẹ fọ aṣọ mi. Lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má tọ́jú ọ̀kankan pa mọ́."

"Eruku wo ló wà lára aṣọ aláìsàn?"

"Kò sí. Ẹ ṣáà fọ̀ ọ́, Màámi."

"Mo gbọ́."

Wọ́n gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ló kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kó aṣọ rẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá: ẹ̀wù kan, ìborùn kan, ìbọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé e délé. N kò gbé e sún mọ́ imú. Mo pọn omi, mo po ọṣẹ sí i, mo kó wọn sínú rẹ̀. Mo fọ̀ wọ́n, mo ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo sá wọn sórí okùn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbẹ. Ìgbà yẹn ni mo wá gbé ẹ̀wù náà sí imú. Òórùn ọṣẹ nìkan ló wà lára rẹ̀.